Kí A Tó Fi Kátíríìjì Sínú Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí lórí àwọn ohun ìní tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ, mo sì gbádùn rẹ̀ títí mo fi dé ibi tí òǹkọ̀wé yín ti mẹ́nu ba ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní bí ìbọn bẹ́ẹ̀ bá ti wúwo, irin rẹ̀ le nìyẹn, kò sì sí ohun tí a kò lè yìn nínú rẹ̀. Ó tún ní bí ìyẹ̀wù rẹ̀, ìyẹn ibi tí kátíríìjì (apó kékeré tí wọ́n di ẹ̀tù àti ọta wẹ́wẹ́ sí) ń wọ̀, bá kúrú fún kátíríìjì òde òní, kí wọ́n gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kí ó bá wọn gbẹ́ ẹ gùn sí i. Gbólóhùn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ ta kò tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá tẹ̀ lé wọn lè pàdánù ojú tàbí ìka ọwọ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ó dúró tì í ni yóò fara gbá a. Birmingham ni mo ń gbé, iṣẹ́ àtúnṣe irú àwọn ìbọn bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn ìbọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni èyí tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí ọdún 1870 títí di àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì: ọ̀pá méjì tí ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí a ń ṣẹ́ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí a tó ki kátíríìjì bọ̀ ọ́. Ní Lọ́ńdọ̀n, orúkọ Purdey, Boss àti Holland & Holland ni ó dún jù; ní Birmingham, Westley Richards, Greener àti Webley & Scott wà lára àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní àwọn ìlú kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń kọ orúkọ ara wọn sára ìbọn tí ó jẹ́ pé Birmingham ni wọ́n ti ṣe é. (Birmingham yìí kan náà ni ó ń kó ìbọn ránṣẹ́ sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà òwò ẹrú, àmọ́ ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí a ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu ni ìyẹn, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó méjèèjì pọ̀.) Púpọ̀ nínú àwọn ìbọn ẹlẹ́nu méjì náà ni a ń pè ní nọ́ńbà 12. Ọ̀rọ̀ ìbú ihò nìkan ni nọ́ńbà yìí ń sọ: bí a bá pín òjé pọ́n-ùn kan sí ọta rogodo méjìlá tí ó dọ́gba, ìbú ọ̀kan nínú wọn, tí í ṣe íǹṣì 0.729, ni ìbú ihò ìbọn náà. Nọ́ńbà 12 kò sọ bí ìyẹ̀wù ṣe gùn tó, kò sọ ìwọ̀n ọta tí ó tọ́ sí ìbọn náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ipá tí irin rẹ̀ lè fara dà.

Ìyẹ̀wù ni mo ń pe ìdí ọ̀pá, níbi tí ihò ti fẹ̀ díẹ̀ kí ó lè gba kátíríìjì. Níwájú rẹ̀ ni ọ̀fun wà, níbi tí ihò ti ń fún bọ̀ títí yóò fi bọ́ sí ìbú tí yóò máa bá lọ síwájú. Ìyẹ̀wù ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìbọn nọ́ńbà 12 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún ọdẹ ẹyẹ jẹ́ íǹṣì 2½, èyí tí àwọn tí ń ṣe kátíríìjì ń kọ ní 65 mm. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ìdíje ẹyẹlé yíyìn máa ń ní íǹṣì 2¾, ìyẹn 70 mm; àwọn tí wọ́n ṣe fún pẹ́pẹ́yẹ inú àbàtà máa ń ní íǹṣì 3; àwọn kan tilẹ̀ wà tí tiwọn kò ju íǹṣì 2 péré lọ. Ní òde òní, 70 mm ni kátíríìjì tí ó gbòde kan níbi gbogbo. Ibẹ̀ ni ìjàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ ni pé iye tí wọ́n kọ sára kátíríìjì jẹ́ gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yìn ín tán, nígbà tí ẹnu rẹ̀ tí wọ́n ká pọ̀ bá ti là. Kátíríìjì 70 mm tí a kò tíì yìn kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí yóò fi wọ inú ìyẹ̀wù 65 mm láìhá, tí ìbọn yóò sì pa dé bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tù bá ti gbaná, ẹnu kátíríìjì náà yóò là sínú ọ̀fun tí ó ti ń fún, yóò gba ọ̀nà mọ́ ọta lọ́wọ́, ipá inú ọ̀pá yóò sì ga ju èyí tí ẹni tí ó ṣe ìbọn náà ṣírò fún un. Pẹ̀lú èyí, ọ̀pọ̀ kátíríìjì 70 mm ni wọ́n ti di ẹ̀tù àti ọta sínú rẹ̀ fún ìbọn tí ó lágbára ju ti àtijọ́ lọ, èyí tí ó mú kí wàhálà náà di méjì. Nítorí náà, pé kátíríìjì wọ inú ìbọn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó bá a mu. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe kátíríìjì tí wọ́n kọ 67 tàbí 67.5 mm sí, tí wọ́n sì kọ ọ́ gbangba sára páálí rẹ̀ pé ó wà fún ìyẹ̀wù 65 mm. Ìyẹn kò léwu, nítorí pé àwọn tí ó ṣe é ti dín ipá rẹ̀ kù. Ohun tí ó wà lára páálí ni kí a gbà, kí a má ṣe gba ti ẹni tí ń tà á.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ gbígbẹ́ ìyẹ̀wù gùn. Bí ẹ bá wo ọ̀pá ìbọn Gẹ̀ẹ́sì láti ìta, ẹ ó rí i pé irin rẹ̀ nípọn gan-an ní ìdí, àmọ́ kété tí ó bá ti kọjá ìyẹ̀wù ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín kíákíá. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ kí ó rẹwà. Ẹni tí ó ṣe é mọ ibi tí ipá ẹ̀tù ti ń ga jù, ó sì fi irin síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó bu irin kúrò níbi tí kò ti pọn dandan kí ìbọn náà lè fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò gbé e rìn nínú oko látàárọ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá wá gbẹ́ ìyẹ̀wù náà wọlé ní ìdámẹ́rin íǹṣì kan sí i, àárín ibi tí ara ọ̀pá ti ń tín-ín-rín yìí gan-an ni yóò ti bu irin kúrò láti inú. Ìta kò ní yí padà. Ẹni tí ó rà á kò ní rí nǹkan kan. Ibi tí ó yẹ kí ó nípọn ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kátíríìjì tí ó lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni wọ́n sì fẹ́ máa yìn níbẹ̀. N kò sọ pé kò sí ìbọn tí irin rẹ̀ pọ̀ tó láti gbà á. Mo ti rí irú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ láìfi ohun èlò wọn ín, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbẹ́ ẹ, ó pọn dandan kí ìbọn náà padà lọ fún ìdánwò.

Ìdánwò yìí ni òǹkọ̀wé yín kò dárúkọ rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìdánwò ìbọn méjì ni ó wà: ti Lọ́ńdọ̀n, tí ó wà lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ń ṣe ìbọn tí ọba fún ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1637, àti ti Birmingham, tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1813. Iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀tù tí ó pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ yìn ìbọn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní lẹ́yìn náà, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ lu èyí tí ó bá yege. Lábẹ́ òfin ọdún 1868, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn ta ìbọn tí kò yege ìdánwò, tàbí èyí tí wọ́n ti yí padà débi pé òǹtẹ̀ ara rẹ̀ kò bá a mu mọ́.

Àwọn òǹtẹ̀ náà wà ní abẹ́ ìdí ọ̀pá, níbi pẹlẹbẹ tí ojú kì í rí àfi bí a bá tú ọ̀pá kúrò lára igi. Ibẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ wò, kí n tó wo orúkọ tàbí iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fín sí i. Láti ọdún 1887 ni wọ́n ti ń tẹ 12 àti lẹ́tà C sínú àmì onígun mẹ́rin tí ó dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀. Bí ìyẹ̀wù bá gùn dé íǹṣì 3, LC ni wọ́n ń tẹ̀ dípò C. Àmì yìí nìkan kò sọ iye íǹṣì fún wa, nítorí pé ìgbà tí òfin 1925 dé ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ gígùn ìyẹ̀wù sára ọ̀pá. Láti ọdún 1896 títí di 1954, bí wọ́n bá fi ẹ̀tù tí kì í rú èéfín dán ìbọn wò, wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n ọta sí i pẹ̀lú, bí àpẹẹrẹ 1⅛ OZ, tí í ṣe nǹkan bí gíráàmù 32. Lẹ́yìn òfin 1954, wọ́n fi ìwọ̀n ipá rọ́pò ìyẹn: ìbọn nọ́ńbà 12 tí ìyẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ 2½ máa ń ní tọ́ọ̀nù 3 lórí íǹṣì kan níbùú lóròó, èyí tí ó jẹ́ 2¾ sì máa ń ní tọ́ọ̀nù 3¼. Ìbọn tí ó bá jẹ́ pé òǹtẹ̀ ẹ̀tù dúdú, ìyẹn ẹ̀tù àtijọ́ tí ń rú èéfín, nìkan ni ó wà lára rẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi kátíríìjì òde òní kankan sí i, bí ó ti wù kí ìyẹ̀wù rẹ̀ gùn tó.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú tọ́ọ̀nù yìí wéra tààrà pẹ̀lú iye ipá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ nípa kátíríìjì tiwọn. Kékeré òjé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń tẹ̀ fọ́ láti mọ bí ipá ṣe pọ̀ tó, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ iná mànàmáná ni wọ́n ń lò lónìí, ohun tí ẹ̀rọ yìí sì ń kà ga ju ohun tí òjé ń sọ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ kátíríìjì kan náà ni wọ́n yìn. Mo rí àwọn ọlọ́gbọ́n ènìyàn tí wọ́n ṣe ìṣirò lórí bébà láti fi hàn pé kátíríìjì kan kò léwu, tí ó sì jẹ́ pé ọ̀nà ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n pò pọ̀.

Bí mo bá ti ka òǹtẹ̀ tán, mo máa ń wọn ìyẹ̀wù fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀n tí wọ́n ṣe fún un, lójú ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wọ́n lè ti gbẹ́ ọ̀kan kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Bí òǹtẹ̀ bá sọ pé 2½, tí ọ̀pá ìwọ̀n mi sì wọlé dé 2¾, a jẹ́ pé ẹnì kan ti gbẹ́ ẹ láìgbé e padà lọ sí ilé ìdánwò. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára àwọn tí ó ti dé Amẹ́ríkà, níbi tí òfin kò ti fi ipá mú ẹnikẹ́ni láti dán ìbọn wò. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wọn ìbú ihò ní íǹṣì 9 sí ìdí ọ̀pá. Lábẹ́ òfin 1954, bí ó bá ti fẹ̀ ju iye tí wọ́n tẹ̀ sí i lọ ní íǹṣì 0.010, ìdánwò rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí ara ọ̀pá ṣe nípọn tó ni mo ń wọn gbẹ̀yìn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, yíká. Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fi ọkàn balẹ̀ bí ibì kan bá ti tín-ín-rín ju íǹṣì 0.020 lọ, ìyẹn nǹkan bí ìdajì mìlímítà.

Nípa ìwọ̀n, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ṣìnà jù lọ, mo fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe ìbọn kí ó wúwo kí ó lè ní agbára. Wọ́n ń fi ìwọ̀n ìbọn bá ìwọ̀n ọta tí yóò máa yìn mu, kí èjìká ẹni tí ó dì í mú lè gbà á. Ìlànà àtijọ́ kan wà láàárín wọn pé kí ìbọn wúwo tó ìlọ́po 96 ọta tí ó wà nínú kátíríìjì rẹ̀. Ọta áúnsì 1, tí í ṣe gíráàmù 28, ń béèrè ìbọn pọ́n-ùn 6. Ọta áúnsì 1⅛ ń béèrè pọ́n-ùn 6¾. Ìbọn ọdẹ ẹyẹ gidi tí wọ́n ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀n máa ń wọn nǹkan bí pọ́n-ùn 6½, ìyẹn kílò 2.95, áúnsì 1 1/16 sì ni ọta tí wọ́n ń yìn nínú rẹ̀ jù. Ẹ wá wo bí ìlànà yìí ṣe ń bá ìyẹ̀wù rìn. Ìbọn onídìíje ẹyẹlé tí ìyẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ 2¾, tí ó ń yin áúnsì 1¼, máa ń sún mọ́ pọ́n-ùn 7½. Ìbọn kékeré tí ìyẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 2, tí ọta rẹ̀ jẹ́ ìdá méje nínú mẹ́jọ áúnsì, máa ń wà ní àyíká pọ́n-ùn 5¼. Bí ẹ bá fi 96 sọ iye ọta méjèèjì di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ohun tí ẹ ó rí kò yàtọ̀ sí ohun tí òṣùwọ̀n ń sọ. Ìyẹ̀wù, ọta àti ìwọ̀n, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lójú ẹni tí ó ṣe ìbọn náà. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ọ̀kan ti fọwọ́ kan gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìbọn kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ 2½, òǹtẹ̀ 1⅛ OZ wà lára rẹ̀, ó sì wọn pọ́n-ùn 6 àti áúnsì 4, nǹkan bí gíráàmù 2,835. Bí a bá fi 96 pín in, yóò fún wa ní gíráàmù 29 àti ààbọ̀. A jẹ́ pé kátíríìjì gíráàmù 28 ni yóò bá a mu láìsí ìnira. Bí ẹni tí ó ni ín bá gbẹ́ ìyẹ̀wù rẹ̀ di 2¾ kí ó lè máa yin gíráàmù 36, ìwọ̀n ìbọn náà kò tó ìlọ́po 79 ọta rẹ̀ mọ́. Ìbọn náà yóò máa gbá èjìká rẹ̀ kíkankíkan, igi rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sán ní ibi tí ó ti fara mọ́ irin, ìdè rẹ̀ yóò sì máa tú díẹ̀díẹ̀ títí ojú ìdí ọ̀pá kò fi ní lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ dáadáa mọ́, kódà bí ọ̀pá kò bá bẹ́. Òǹtẹ̀ 1⅛ tí ó wà lára rẹ̀ kò yí èyí padà. Òǹtẹ̀ ń sọ ibi tí ìdánwò dé. Kò sọ pé ibẹ̀ ni kí a máa gbé lójoojúmọ́.

Ìwúwo tún lè tan ènìyàn jẹ lọ́nà mìíràn. Mo ti tú ìdí ìbọn tí wọ́n da òjé sí nínú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti gba rọ́bà tó nípọn sí ìdí tàbí igi àlẹ̀mọ́ nítorí pé apá ẹni tí ó rà á gùn. Ìbọn bẹ́ẹ̀ yóò wúwo lórí òṣùwọ̀n nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀pá rẹ̀ ti tín-ín-rín nítorí ìpẹtà tí wọ́n ha kúrò nínú rẹ̀ léraléra. Nítorí èyí ni mo fi ń wọn ọ̀pá nìkan lẹ́yìn tí mo bá ti wọn odindi ìbọn, tí mo sì ń wo ibi tí ó ti dọ́gba bí mo bá gbé e lé ìka: ibi tí a ti ń ṣẹ́ ìbọn náà tàbí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti dọ́gba. Bí ìdí bá fà á sílẹ̀ jù, ó ṣeé ṣe kí irin ti kúrò níwájú, tàbí kí wọ́n ti gé ẹnu ọ̀pá. Àwọn kan wà tí wọ́n ti gé gbogbo ọ̀pá àtijọ́ kúrò, tí wọ́n sì rì ọ̀pá tuntun bọ inú ìdí rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀tàn bí wọ́n bá tẹ ọ̀rọ̀ SLEEVED sí i gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ti àkọ́kọ́ mọ́.

Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Purdey, Holland & Holland àti Westley Richards ṣì ní ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ìbọn rẹ̀ lè mọ ọdún tí wọ́n ṣe é àti gígùn ọ̀pá rẹ̀, nígbà mìíràn ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. N kò mọ ẹ̀rí tí ó dùn mọ́ mi tó èyí: kí ìwé sọ ohun tí ìbọn wọn ní ọjọ́ tí ó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kí òṣùwọ̀n sì sọ ohun tí ó wọn lónìí.

Mo mọ̀ pé àwọn ìdílé kan nílé ní irú ìbọn báyìí, èyí tí bàbá àgbà rà nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí ó gbé bọ̀ láti òkè òkun. Ẹ̀yin tí ó wà lọ́wọ́ yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé ìwé àṣẹ ọlọ́pàá wà lórí rẹ̀, ohun tí mo bẹ̀ yín sí kò wọ́n: ẹ tú ọ̀pá, ẹ ka òǹtẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó mọṣẹ́ wọn ìyẹ̀wù. Bí ó bá jẹ́ 2½, ìyẹ̀wù náà kò ní àbùkù kankan. Kátíríìjì 65 mm tí ọta rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 28 tàbí tí ó kéré sí i ni kí ẹ wá fún un. Kátíríìjì kúkurú nínú ìyẹ̀wù gígùn kò léwu, nítorí náà ìbọn tí ẹnì kan ti gbẹ́ ìyẹ̀wù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà lè máa jẹ kátíríìjì fúfúyẹ́ yìí bí wọ́n bá ti wọn ara ọ̀pá rẹ̀ tí ó sì nípọn tó. Bí kò bá sí irú kátíríìjì bẹ́ẹ̀ lọ́jà tí ó sún mọ́ yín, ẹ má fi 70 mm rọ́pò rẹ̀; ẹ jẹ́ kí ìbọn náà sinmi.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ àtúnṣe sí ojú ewé tí àpilẹ̀kọ náà ti jáde, kí ó sì hàn gbangba níbẹ̀ pé ìwúwo kò fi hàn pé irin ìbọn le, àti pé ìyẹ̀wù tí wọ́n bá gbẹ́ láìsí ìdánwò tuntun ti sọ òǹtẹ̀ ara ìbọn náà di asán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Birmingham, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì